Orúkọ Iyọ̀

Ní Hamilton, lóṣù kejì, ilẹ̀ kì í tètè mọ́.
Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti dé ibi iṣẹ́,
èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí ẹni ń mu tábà,
ọkọ̀ ìjọba ti da iyọ̀ sójú títì
kí yìnyín má baà gbé wa ṣubú.
Lorne, ọ̀gá wa, ọmọ ìran Mohawk, ọmọ onílẹ̀,
orí wa ló máa ń wò kó tó wojú wa.
Ẹni tí kò bá dé akoto, kò ní dá a lóhùn ẹ kú àárọ̀.

Láníyọnu ni mò ń sọ.
Olùkọ́ ìṣirò ni nílé, ní Ìfọ́n,
ó lè sọ mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́tàdínlógún kí o tó mí.
Akoto ló máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀:
"Igbá tí ẹ dé sórí yìí, ṣé odò lẹ̀ ń lọ ni?"
Ó ní òtútù lọ̀tá òun.
Fìlà onírun tí ìyàwó rẹ̀ hun fún un nípọn jù,
akoto kò jókòó lé e dáadáa;
bí Lorne bá ti kẹ̀yìn, á bọ́ ọ, á fi kọ́ irin.

Lọ́jọ́ náà, fóònù ló dún.
Ó bọ́ akoto kó lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.
Ìṣẹ́jú kan. Kò tó bẹ́ẹ̀.
Láti àjà kẹrin, sípánà kan
tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá,
tí kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sí àlejò,
já bọ́.

Ẹ má bi mí bó ṣe dún.
Mo ti gbọ́ ìró àgbọn tó já látorí igi.
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò kú. Àwọn ará ìjọ ní ká dúpẹ́, a dúpẹ́.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo lọ kí i nílé, ní òpópónà Barton,
ó ń jẹ ẹyin sísè.
Ó nawọ́ sí mi: "Fún mi ní... fún mi ní..."
Ojú rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú ilé,
lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn fíríìjì.
"...yìnyín. Yìnyín tí à ń jẹ."
Ìyàwó rẹ̀ gbé e fún un, kò sọ nǹkan kan,
ó kàn kọjú sí fèrèsé.
Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní:
"Iyọ̀ ni, Dádì."
Bó ṣe ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní a-b-d nìyẹn, lójoojúmọ́.

Bí a bá jí nílé wa, a máa ń fọwọ́ kan orí,
a ní kó má sùn, kó gbè wá.
Mo ṣì ń ṣe é.
Ṣùgbọ́n orí tí à ń ké pè yẹn,
inú egungun tí kò nípọn tó ìka ọmọdé ló ń gbé.
Aṣọ́ni náà ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ òun.

Ní báyìí mò ń yẹ akoto mi wò láràárọ̀
bí ẹni ń yẹ ẹyin wò níwájú iná:
Ṣé ó sán? Ṣé okùn inú rẹ̀ ṣì le?
Fìlà fẹ́lẹ́ tó bo etí ni mò ń dé sábẹ́ rẹ̀.
Fóònù wà nínú àpótí. Ẹni tó pè á tún pè.

Òtútù tún ti dé. Láàárọ̀ àná
ọmọkùnrin kan dé láti Ìlá, Ẹniafẹ́ lorúkọ rẹ̀,
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun, kò fẹ́ kó bàjẹ́.
Mi ò wàásù.
Mo mú akoto funfun kan jáde látinú ọkọ̀,
mo dé e fún un bí wọ́n ṣe ń dé fìlà fún ìkókó,
mo fa okùn rẹ̀ mọ́ ọn lágbọ̀n,
mo ní: "Kí lorúkọ ohun tí wọ́n dà sójú títì yẹn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Iyọ̀."
Mo ní: "Ó dáa.
Nírọ̀lẹ́, màá tún bi ọ́."